Lẹ́tà Èrèdí Tíṣà Pius

Bí èèyàn bá gun òkè láti èbúté Ìgbòkòdá, tó kọjá àwọn tó ń ta àwọ̀n àti okùn, yóò rí ṣọ́ọ̀bù kan lápá ọ̀tún tí wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan fún àwọn tó ń dúró. Obìnrin tó ni ín ń jẹ́ Àrìnpé Olówòkéré. Ọmọ Abereke, ìlú etí òkun, ni. Ó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́ta, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Nígbà tí òkun jẹ ilẹ̀ dé ilé bàbá rẹ̀, tí wọ́n kó ẹrù sínú ọkọ̀, ṣe ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé gíráńmà. Kò tún sí ọ̀rọ̀ yunifásítì mọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ lórí ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń ró pá-pá-pá, nígbà tí kọ̀ǹpútà sì dé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ.

Àléébù kan ló ní, bí àléébù ni. Kò lè tẹ ìwé kó má kà á. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ lè máa tẹ̀wé lọ kí ọkàn wọn wà lórí ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Àrìnpé kò rí i ṣe. Bí ọmọ ilé ìwé gíga bá gbé iṣẹ́ àṣekágbá wá, tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹja ti dín kù nínú omi, Àrìnpé á dáwọ́ dúró, á bojú wẹ̀yìn, á ní, “Ta ló kà wọ́n?” Bí wọ́n bá mú àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹbí wá, á fẹ́ mọ ìdí tí bàbá kan fi dìde kúrò níjòókòó kí wọ́n tó ṣàdúrà ìparí. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Ìyá Ìbéèrè. Ó ń jẹ́ ẹ.

Láti bí ọdún mélòó kan, oríṣi lẹ́tà kan ti ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ etídò tó ti gba oyè àkọ́kọ́ ń wá ọ̀nà àtigba ìkejì, àwọn kan ní ìlú yìí, ọ̀pọ̀ ní òkè òkun, ilé ìwé tí wọ́n ń lọ sì máa ń ní kí wọ́n kọ lẹ́tà kan pé: ta ni ọ́, kí lo fẹ́ kọ́, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa lo ti fẹ́ kọ́ ọ? Lẹ́tà èrèdí ni Àrìnpé ń pè é. Ó ti tẹ̀ tó ogójì. Ohun kan sì ń yà á lẹ́nu: bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀. “Láti kékeré ni mo ti ní ìfẹ́ gidigidi sí...” Nọ́ọ̀sì, láti kékeré. Ẹni tó ń kọ́ nípa ẹja sísìn, láti kékeré. Lọ́jọ́ kan, ó tẹ ti ọ̀gbẹ́ni kan tó ní láti kékeré lòun ti nífẹ̀ẹ́ gidigidi sí bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ilé ìwòsàn. Àrìnpé wo ojú ọ̀gbẹ́ni náà títí, ó ń gbìyànjú láti fojú inú rí ọmọ ọdún márùn-ún tó ń sunkún nítorí àkóso ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan lẹ́tà èrèdí, ó máa ń pa ìbéèrè rẹ̀ mọ́ra. Wọn kò sanwó fún un pé kó bi wọ́n léèrè.

Oṣù kìíní ọdún tó kọjá ni Tíṣà Pius gbé tirẹ̀ wá. Ọmọ Etikan ni Pius, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, abúlé kan létí òkun. Ọjọ́ Sátidé ni, ọyẹ́ bo ojú omi débi pé àwọn ọlọ́kọ̀ ń fọn fèrè kí wọ́n má baà kọlu ara wọn. Ó kí Àrìnpé, ó jókòó, ó fà á lé e lọ́wọ́: ojú ewé méjì, ó fi bírò kọ ọ́ dáadáa.

“Màmá, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, ká fi ránṣẹ́ lónìí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta mi nìyí. Lọ́dún méjì tó kọjá, wọn ò gbà mí.”

Àrìnpé ṣí ojú ewé tuntun. Ó ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ gbólóhùn náà parí láìtún wo ìwé.

Pius na ọrùn wò ó. “Ẹ ti rí i tẹ́lẹ̀ ni?”

“Rárá o, Tíṣà. Ti ẹlòmíràn ni mo rí.”

Ó fẹ́ fi mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ti wọ̀ ọ́ lára. Ó yí àga rẹ̀ padà. “Ta ló ti bá ọ kà á?”

Pius ka wọ́n fún un. Ọ̀gá ilé ìwé òun ti kà á, ó sì tún àwọn àmì ìdánudúró tó ṣì ṣe. Pásítọ̀ ti kà á, ó ní kó fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run kún un lápá ìsàlẹ̀. Sunday, ọ̀rẹ́ òun tó wà ní Èkó, gbà á lórí fóònù, ìṣẹ́jú kan kò pé tó fi fèsì: Ọ̀gá, o ti wọlé!

“Kí lo bi wọ́n?”

“Mo bi wọ́n bóyá ó dára.”

“Ó dára náà,” ni Àrìnpé wí. “Bí ìwọ bá bi èmi náà, màá ní ó dára. Ta ló fẹ́ wo ojú ọmọlọ́mọ kó ní kò dára?”

Ó tẹ lẹ́tà náà tán. Nígbà tó kan orúkọ nísàlẹ̀, kò tẹ orúkọ Pius. Orúkọ Kọ́lájọ ló tẹ̀, ọkùnrin tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà, ó nà án sí Pius.

“Kà á bíi ti Kọ́lájọ. Ibi tó bá ti di irọ́, fi pẹ́ńsù fà á.”

Pius rẹ́rìn-ín, ó gba pẹ́ńsù. Ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó tún padà sókè. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Orúkọ yunifásítì tó ti jáde ló fà, ó fa oyè rẹ̀, ó sì fa ọdún. Ìyókù, ìfẹ́ gidigidi, iṣẹ́ àṣekára, ìpinnu láti sin ìlú ẹni, Kọ́lájọ lè búra sí gbogbo rẹ̀ láìṣẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n ń gbọ́ ọ bó ṣe ń fi òòlù lu irin.

“Màmá, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“N ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mò ń wá ọ nínú rẹ̀ ni, n ò rí ọ.”

Pius sanwó ìwé, ó ká lẹ́tà náà mọ́ ọwọ́, ó jáde. Kò fi ránṣẹ́ sí ibì kankan. Ọkàn Àrìnpé kò balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ta lo fi ara rẹ pè, ni ó ń bi ara rẹ̀, ìwọ tí o kò mọ ẹnu ọ̀nà yunifásítì? Ṣé ó yẹ kí ẹni tí kò wẹ̀ rí máa kọ́ ẹni tó bọ́ sódò?

Ọjọ́ kẹwàá ni Pius padà wá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó dúró títí àwọn tó bá níbẹ̀ fi tẹ̀wé wọn tán, tí wọ́n lọ. Nígbà náà ló ní, “Mo kà á lórúkọ Promise, àbúrò mi. Mo kà á lórúkọ ọ̀gá wa. Ó bá gbogbo wọn mu. Màmá, ẹ bi mí ní ìbéèrè tí ẹ ní.”

Inú Àrìnpé dùn débi pé ó pa rédíò. Ó rò ó díẹ̀. “Kí ni ohun tó máa ń wá sí ọ lọ́kàn, tí kò sí ẹni tó ní kí o rò ó?”

Pius wo òrùlé. Ó wo ilẹ̀. Ó ní kò sí. Lẹ́yìn náà ló ní, “Àfi ọ̀rọ̀ kànga yẹn.”

“Kànga wo?”

Ọ̀rọ̀ bá jáde. Ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, inú yanrìn ni wọ́n ń gbẹ́ kànga sí, wọn kì í jìn. Nígbà ẹ̀rùn, omi inú wọn á níyọ̀, àwọn èèyàn á máa ra omi inú ọ̀rá tàbí kí wọ́n máa ṣọ́ omi òjò tí wọ́n gbè sílẹ̀ lò. Ọdún kejì tí Pius dé ibẹ̀, agùnbánirọ̀ kan tó ń padà sílé fi ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bíi bírò sílẹ̀ fún un: bí èèyàn bá tì í bọ omi, yóò fi nọ́ńbà iyọ̀ inú rẹ̀ hàn. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan kì í kọjá kí Pius àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ má lọ ti ẹ̀rọ náà bọ kànga mẹ́jọ, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Ìwé ìkọ̀wé mẹ́ta ló ti kún.

“Méje ń níyọ̀,” ni Pius wí. “Ìkẹjọ, ti ẹ̀yìnkùlé Màmá Happiness, kì í níyọ̀. Òun ló sì sún mọ́ òkun jù.”

Àrìnpé fìka lu tábìlì. “Òun ló sún mọ́ ọn jù?”

“Òun ni.”

“Kí ló fà á?”

“N ò mọ̀.”

“Kí ló dé tí kò sí nínú lẹ́tà?”

Pius wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà kò mọ́gbọ́n dání. “Màmá, ṣebí mo ní n ò mọ ìdí rẹ̀. Ṣé ohun tí n ò mọ̀ ni màá máa kọ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n?”

“Bí o bá ti mọ̀ ọ́n, kí lo tún ń wá lọ sílé ìwé?”

Àrìnpé pàápàá kò retí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ṣe jáde lẹ́nu òun.

Kò lè sùn dáadáa fún ọ̀rọ̀ kànga náà. Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Oríòkè-Ìwàmímọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti dé etí òkun gbẹ̀yìn. Pius àti àwọn ọmọ ilé ìwé mú un kiri. Bí ẹ̀rọ bá ti ń sọ tirẹ̀ ni Àrìnpé ń bu omi sí ọwọ́, tó ń tọ́ ọ wò. Ẹ̀kíní mú un lẹ́nu bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹja. Ẹ̀kẹta burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tutọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Màmá Happiness, ìyá náà jókòó ti ẹja tó ń yan, ó fi ọwọ́ júwe ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

“Ọma mi, mu ú dáadáa,” ló wí, “kì í ṣe ìtọ́wò.”

Omi náà mọ́, kò ní adùn kò ní ìkorò, bí omi òjò ni. Láti ibi tí Àrìnpé dúró sí, ó ń rí ìgbì tó ń wó lu yanrìn. Bí ó bá sọ òkúta, yóò kàn án. Ó bi ìyá náà léèrè ohun tó rò pé ó fà á. Ìyá náà ní bí ọkọ òun ṣe gbẹ́ ẹ náà nìyẹn, ọkọ òun kò sì sọ fún òun kó tó kú. Àrìnpé tún mu kọ́ọ̀pù kejì.

Pius tún lẹ́tà náà kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àrìnpé kò bá a kọ ọ́. Ó ní ọwọ́ òun kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, kí ẹni tí wọ́n bá pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò má baà di òun. Ohun tó ń ṣe ni pé, bó bá kà á tán, á yí i dojú dé, á ní, “Ohun tí mo gbọ́ nìyí,” á sì tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tó gbọ́ kì í ṣe ohun tí Pius rò pé òun kọ. Pius á ní, “Rárá, ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé...” Àrìnpé á ní, “Kọ èyí tí o ń sọ yẹn.” Ibi tí kò bá yé e, á fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní sọ pé kò dára, á kàn ní ibẹ̀ lòun ti sọnù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Kànga mẹ́jọ wà ní abúlé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tó sún mọ́ òkun jù nìkan ni omi rẹ̀ kì í níyọ̀, n kò sì mọ ìdí rẹ̀.”

Ibi tí agbára Àrìnpé mọ nìyẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. “Mo mọ̀ bóyá mo rí ọ níbẹ̀,” ló sọ fún Pius. “Bóyá òtítọ́ ni ìmọ̀ inú rẹ̀, ojú mi ò tó o. A gbọ́dọ̀ wá ẹni tó kọ́ ọ.”

Ó ní ẹnì kan lọ́kàn. Roqeebah, ọmọbìnrin Ìwó kan tó kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo kan, ó sì máa ń wá tẹ ìròyìn jáde ní ṣọ́ọ̀bù náà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ó máa ń yára, kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn. Àrìnpé fún un ní àga tó dára, ó fún un ní pẹ́ńsù.

“Àǹtí Roqeebah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wa pé ó dára. Ibi tí ẹ ò bá ti gbà á gbọ́ la fẹ́ mọ̀.”

Roqeebah gbójú sókè, ó wo Pius. “Ṣé inú ò ní bí yín, Tíṣà?”

“Inú ti bí mi tẹ́lẹ̀,” ni Pius dáhùn. “Ó ti tán.”

Roqeebah kà á tán. Lẹ́yìn náà ló ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú òun. Ṣùgbọ́n ó fi pẹ́ńsù gbá àárín ìwé náà. “Níbí, ẹ ní òkun ló ń ba omi yín jẹ́. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó rí i. Bó bá jẹ́ òkun nìkan ni, kànga tó sún mọ́ ọn jù ló yẹ kó kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìwé yín ń bá ara rẹ̀ jà. Ẹ kọ ọ́ pé ohun tí ẹ rò nìyẹn, kí ẹ sì kọ ohun tí kò bá a mu.” Ó ṣí i sí ojú ewé kejì. “Ẹ tún ní ilé ìwé wọn lókìkí. Àwọn fúnra wọn ti mọ̀. Ta ló wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi abẹ́ ilẹ̀ etí òkun?”

Pius kò mọ̀. Kò wá a rí. Ojú tì í, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Roqeebah yọ fóònù, wọ́n jọ wá a, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá, ó ń lọ, títí wọ́n fi rí ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan ní ilé ìwé náà gan-an, ní Kánádà, tó ti lo ogún ọdún lórí irú rẹ̀.

Ibì kan wà tí àwọn obìnrin méjèèjì kò ti fẹnu kò. Pius kọ ìpínrọ̀ kan nípa àwọn ọmọ tí inú ń run nígbà ẹ̀rùn. Roqeebah ní kó yọ ọ́, ẹjọ́ ẹ̀bẹ̀ ni, kò sì ní ẹ̀rí pé omi ló fà á. Àrìnpé ní kó fi í sílẹ̀, nítorí àwọn ọmọ yẹn ló ń bá a ti ẹ̀rọ bọ omi. Wọ́n jọ yíjú sí Pius. Ó gba ìwé náà, ó dá a rò, ó yọ ìpínrọ̀ náà, ó fi gbólóhùn kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀: pé àwọn ọmọ kíláàsì òun ló kọ ìdajì àwọn nọ́ńbà náà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó jiyàn mọ́. Ọpẹ́ tí pásítọ̀ ní kó fi kún un, ó gbé e kúrò nínú lẹ́tà, ó ní inú ṣọ́ọ̀ṣì lòun ti máa dá a.

Ilé ìwé mẹ́ta ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Méjì kọ̀, wọn kò sọ ìdí. Ẹ̀kẹta kò fọhùn títí di oṣù kẹrin, nígbà tí ímeèlì kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin náà fúnra rẹ̀. Kò gbà á, kò kọ̀ ọ́. Ìbéèrè ló bi í: ṣé kànga tí kì í níyọ̀ náà jìn ju àwọn yòókù lọ?

Pius kò wọ̀n ọ́n rí. Ó so òkúta mọ́ okùn, ó wọn kànga mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó ti ń fura látẹ̀yìnwá, láìsọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni, pé jíjìn ló fà á, àṣé bákan náà ni gbogbo wọn jìn. Ó dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì.

“Ohun tí mo rò ti wó, Màmá. Kí ni kí n kọ sí i?”

“Pé ó wó,” ni Àrìnpé wí. “Àti bí o ṣe wọ̀n ọ́n.”

Bẹ́ẹ̀ náà ló kọ ọ́, ìlà mẹ́fà péré, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Oṣù kẹfà ni ìwé ìgbaniwọlé dé. Iṣẹ́ tí yóò máa ṣe lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà ni yóò dípò owó ilé ìwé. Pius kà á lórí kọ̀ǹpútà Àrìnpé, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbé orí lé tábìlì. Àrìnpé fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Kò bi í ní nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn.

Gbogbo èèyàn kọ́ ló fẹ́ràn bí Àrìnpé ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, tó ń bi àwọn tó mú lẹ́tà èrèdí wá léèrè. Nọ́ọ̀sì kan gba ìwé rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, ó ní ìwé títẹ̀ lòun bá wá, kì í ṣe ẹjọ́. Àwọn mìíràn ń wá láti Abereke torí ìbéèrè náà gan-an. Roqeebah ń bá a ka díẹ̀ nínú lẹ́tà wọn, ó sì ti ń yọ̀ǹda ìdajì wákàtí fún un.

Ní oṣù kẹjọ, Àrìnpé sin Pius dé gáréèjì Ìgbòkòdá ní òwúrọ̀. Ìyá Pius di púpurú gbígbẹ, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, sínú ọ̀rá mẹ́ta, ó ń bá awakọ̀ jà lórí ibi tí yóò gbé e sí. Àrìnpé fa Pius sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Tíṣà, bí o bá rí ìdí tí kànga yẹn kò fi níyọ̀, ṣé èmi lo máa kọ́kọ́ sọ fún?”

Pius rò ó. “Màmá Happiness ni, Màmá. Òun ló ni kànga.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Àrìnpé wí. “Kí n wà ní ìkejì.”

Ọkọ̀ ṣí. Àrìnpé dúró títí ọkọ̀ náà fi yà ní kọ́nà, ó sì gba ọ̀nà èbúté padà. Obìnrin kan ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó di fáálì kan mú ṣinṣin lórí itan rẹ̀. Àrìnpé kí i, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kó wọlé.